Gíláàsì oní-flúóráìdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín ọmọdé: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Àdùnní_Yorkshire

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Leeds ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 8. Dókítà eyín ti dí ihò méjì fún un, ó sì tún ní méjì mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, lára àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tó hù láìpẹ́ yìí, tí kò ní sí òmíràn tí yóò rọ́pò wọn bí wọ́n bá bàjẹ́.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sọ fún mi pé nílùú Leeds yìí gan-an, àwọn dókítà yunifásítì ti ṣe gíláàsì kékeré kan rí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín ọmọ, tí flúóráìdì, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín yẹn, á sì máa jò jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì. Ó ní ó ń dín eyín jíjẹ kù ju ìdajì lọ. Mo bi dókítà wa, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ò ní in. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Níbo ni mo ti lè rí i? Mo ṣe tán láti sanwó.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Gíláàsì lẹ́nu ọmọ ọdún 8? Tó bá gbé e mì ńkọ́?

Dókítà_Ìdíkàn

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Àdùnní. Òótọ́ lẹni yẹn sọ, àmọ́ ó ku ibì kan tí kò bá yín dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná.

Bí ọmọ bá jẹ nǹkan dídùn, àwọn kòkòrò àìrí tó ń gbé lára eyín á jẹ nínú ṣúgà náà, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń fa èròjà líle eyín jáde. Bí nǹkan dídùn mìíràn ò bá tètè wọlé, itọ́ á fọ ásíìdì náà kúrò, á sì máa dá èròjà yẹn padà sára eyín. Báyìí ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Flúóráìdì tó bá wà nínú itọ́, bó ti wù kó kéré tó, ń jẹ́ kí àdápadà yẹn yá, ohun tó sì padà máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eyín lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí pH ẹnu (òṣùwọ̀n ásíìdì; bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí) bá já wá sí nǹkan bíi 5.5. Èyí tí flúóráìdì ti wọ̀ lára lè fara dà á títí dé nǹkan bíi 4.5.

Ọṣẹ ìfọyín máa ń gbé flúóráìdì inú itọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ lèrò gíláàsì yìí ti wá: kó kéré, ṣùgbọ́n kó wà lẹ́nu tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé ọmọ ń rántí ohunkóhun.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ti Amẹ́ríkà ló ṣáájú, láwọn ọdún 1970. Ike ni, flúóráìdì wà níkùn rẹ̀, awọ ike mìíràn bò ó, awọ yẹn ló ń pinnu bó ṣe máa jò. Gígùn rẹ̀ tó mìlímítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ 3, nínípọn rẹ̀ 2. Ó lè tú láti 0.02 dé 1.0 mílígíráàmù jáde lóòjọ́, fún nǹkan bí 180 ọjọ́. Ti Leeds ni gíláàsì, irú gíláàsì tó ń yọ́ nínú omi díẹ̀díẹ̀, òun ló lè tó ọdún méjì. Wọ́n ti ń lo irú gíláàsì yẹn fún màlúù àti àgùntàn: hóró ńlá tí ẹran á gbé mì, tí kọ́pà àti kóbáàtì á máa yọ́ jáde látinú rẹ̀ nínú ikùn ẹran náà.

Ti eyín kéré gan-an ní tiẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ eyín ńlá òkè ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, apá tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú ihò kan tí itọ́ ti ń tú sẹ́nu wà nítòsí ibẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé Dókítà. Àgùntàn ló kọ́kọ́ gbé e mì kí wọ́n tó rántí ọmọ wa. Mo ti gbọ́ 😂

Àdùnní_Yorkshire

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, ẹ jọ̀ọ́ o! Dókítà, ẹ ní ó ku ibì kan tí kò bá mi dé?

Kẹ́míìsì_Manchester

Dókítà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí, torí mo ti ka ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí gíláàsì náà tán.

Ọdún 2005 ni Toumba àti Curzon, àwọn oníwàádìí tó ṣe é, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ 174 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Leeds, àwọn ọmọ tí eyín wọn máa ń tètè jẹ. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Apá kan gba gíláàsì tó ní flúóráìdì, apá kejì gba gíláàsì tí kò ní. Nígbà tí ọdún méjì pé, 132 ló ṣì wà nínú ìwádìí náà. Èsì tí gbogbo èèyàn ń pariwo ni pé eyín tuntun tó jẹ fi ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kéré lára àwọn tó gba flúóráìdì.

Àmọ́ ẹ wò ó. Lára àwọn 132 yẹn, àwọn tí gíláàsì ṣì wà lẹ́nu wọn nìkan ni wọ́n ṣírò eyín wọn, wọ́n sì jẹ́ 63. Àwọn 69 yòókù, gíláàsì tiwọn ti já bọ́. A ò rí eyín tiwọn nínú ìṣirò náà.

Èèyàn gbin ebu iṣu ọgọ́rùn-ún, ìdajì rà sílẹ̀, ó wá ń fi èyí tó hù nìkan sọ iye iṣu tí oko òun ń mú jáde. Irọ́ kọ́ ló pa. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko yẹn ni kó yáa béèrè nípa àwọn tó rà.

Aṣírò

Kẹ́míìsì, ẹ rọra. Ẹ ti gbàgbé pé àwọn tí wọ́n fi wé wọn náà lẹ gíláàsì. Tiwọn náà já. Ọmọ 31 ló kù ní apá flúóráìdì, 32 ló kù ní apá kejì. Bí ìjábọ́ bá mú apá méjèèjì dọ́gba báyẹn, àwọn tó kù ṣeé fi wéra. N ò rí màgòmágó kankan níbẹ̀.

Kẹ́míìsì_Manchester

Ẹ kú ìjiyàn, Aṣírò. Ibi tí ìwádìí yẹn ti dáa nìyẹn lóòótọ́: gíláàsì lásán tí wọ́n fún apá kejì. N ò sì sọ pé màgòmágó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta lọmọ tí gíláàsì rẹ̀ kò já fọ́dún méjì? Ó lè jẹ́ èyí tí kì í fi eyín fọ́ yìnyín, tí kì í jẹ tọ́fì tó ń lẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń mú un lọ rí dókítà déédéé. Èsì yẹn ń sọ fún wa nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ nípa ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ìbéèrè tí Àdùnní ń bi wá ni pé, “Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí eyín ọmọ mi?” Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìyẹn gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọmọ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ fún, èyí tó já àti èyí tí kò já.

Ohun kejì, 67 nínú ọgọ́rùn-ún ń dún létí gan-an. Ẹ yí i padà sí eyín. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì jẹ́ 0.72 eyín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún méjì. Kò tó odindi eyín kan. Mi ò ní kò wúlò o, eyín kan tí kò jẹ kì í ṣe nǹkan kékeré. Kí ẹ kàn mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà ni.

Aṣírò

Ti 0.72 yẹn wọlé sí mi létí. Ti àkọ́kọ́ náà, mo gbà á ní ìdajì.

Dókítà_Ìdíkàn

Kẹ́míìsì ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn Cochrane, tó máa ń kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan jọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 2014 àti 2018. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n wá kiri, ìwádìí kan ṣoṣo yìí ló kájú òṣùwọ̀n wọn. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi sọ bóyá ó ń dènà eyín jíjẹ, àti pé ìwádìí náà kò sọ nǹkankan nípa ìpalára.

Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ o. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ mọ́yán lórí. Dídúró lẹ́nu ló ṣòro fún un.

Nọ́ọ̀sì_Bámìńgámù

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mò ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí jíjábọ́ yẹn, torí gbogbo ìgbà là ń rí i lára àwọn ọmọ tó wọ wáyà eyín.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ irin kékeré wáyà mọ́ eyín náà ni wọ́n ṣe ń lẹ gíláàsì yẹn. Ẹ máa nu eyín, ẹ máa fi òwú pa á gbẹ, ẹ máa fi jẹ́ẹ̀lì ásíìdì kan ojú rẹ̀ kó lè di háráhárá, ẹ máa fi omi fọ̀ ọ́, ẹ tún máa pa á gbẹ. Ẹ wá fi oje rẹ́sìnì sí i, ẹ gbé e lé e, ẹ tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kó gan. Bí itọ́ ẹ̀kán kan bá kàn án kí iná tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní hàn lójú títí di ọjọ́ tó bá já. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọdún 8 tó ń fi ahọ́n wá ohun tí wọ́n gbé sí i lẹ́nu, lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí itọ́ ti ń tú jáde gan-an. Kò yà mí lẹ́nu pé ìdajì wọn já.

Ẹni tó ní bó bá gbé e mì ńkọ́, àwọn ọmọ máa ń gbé irin wáyà mì. Inú ìgbẹ́ ló máa ń bá lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bàbá_Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Nígbà tiwa, orín àtà la ń run láàárọ̀, ahọ́n á máa kú tìpììrì, ẹnu á mọ́ tónítóní. Ọmọ ọdún mélòó ló ń di ihò eyín nígbà náà? Òyìnbó fún wa ní ṣúgà, ó tún wá ń ta gíláàsì fún wa.

Dókítà_Ìdíkàn

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Lórí ṣúgà, ẹ ò ṣì í rárá. Ọmọ tó ń mu mínírà àti jùúsì káàkiri ọjọ́, kò sí gíláàsì tó lè gbà á sílẹ̀ pátápátá, torí ásíìdì ò ní fún itọ́ láyè. Iye ìgbà tó ń jẹ ẹ́ lóòjọ́ gan-an ló ń ṣe jàǹbá ju bó ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan.

Pákò náà ń fọ eyín dáadáa tí èèyàn bá run ún tọkàntọkàn, n kì í bá aláìsàn mi jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ọṣẹ tó ní flúóráìdì kún un, torí pákò kò lè fún eyín ní iye flúóráìdì tí ọṣẹ ń fún un.

Bàbá_Òṣogbo

Ó dáa, ọmọ mi. Èmi ń run tèmi lọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ṣé ẹ mọ̀ pé májèlé ni flúóráìdì ṣá? Mo wo fídíò kan tí ọkùnrin kan ti ń ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọmọ fọ́dún méjì.

Kẹ́míìsì_Manchester

Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ náà á pa èèyàn tó bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Láti 1964 ni omi ẹ̀rọ Birmingham ti ní flúóráìdì nínú, nǹkan bíi mílígíráàmù 1 nínú lítà 1. Èyí tí Dókítà sọ pé ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ibi tó ga dé jù lóòjọ́ ni mílígíráàmù 1. Ìyẹn ni pé kò ju ohun tí èèyàn máa rí nínú lítà omi kan ní Birmingham. Mi ò mọ ohun tí ọkùnrin inú fídíò fi ṣèṣirò tiẹ̀.

Dókítà_Ìdíkàn

Èyí tó pọ̀ jù wà lóòótọ́, kò sì jìnnà sí wa. Ní Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau, flúóráìdì inú omi wọn pọ̀ látinú ilẹ̀ wá, àwọn oníwàádìí sì ti kọ̀wé nípa eyín àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ní àbàwọ́n. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sílẹ̀ fún omi mímu ni kó má ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan lọ. Ìgbà tí eyín ṣì ń dàgbà lábẹ́ erìgì, láti kékeré, ni àbàwọ́n yẹn ti ń wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lo ọṣẹ díẹ̀ péré, bí ìfọwọ́pa lórí búrọ́ọ̀ṣì, kí ó má sì máa gbé e mì.

Àdùnní_Yorkshire

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Ó ti yé mi pé kò yẹ kí n máa wá gíláàsì yẹn kiri láti fi owó rà á. Kí wá ni kí n ṣe fún eyín méjì tó ń bẹ̀rẹ̀ yẹn báyìí? Omi Leeds kò ní flúóráìdì bíi ti Birmingham.

Nọ́ọ̀sì_Bámìńgámù

Àǹtí Àdùnní, nǹkan mẹ́ta tí ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún lórí NHS, ètò ìlera ìjọba, torí kò tíì pé ọdún 18.

Àkọ́kọ́ ni fánìṣì flúóráìdì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọmọ láti ọdún 3 ló yẹ kó máa gbà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lè gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ẹ má dúró kí wọ́n rántí. Ó máa ń lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ kùn ún sára eyín. Òun náà ń fi flúóráìdì sílẹ̀ lára eyín fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò sóhun tó máa já bọ́. Kó má jẹ nǹkan líle lẹ́yìn rẹ̀, kó sì má fọ eyín fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bí ikọ́ fée bá ti gbé ọmọ yín dé ọsibítù rí, tàbí tí ara rẹ̀ kì í gba báńdéèjì tó ń lẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó kùn ún, torí irú fánìṣì kan ní oje igi tó lè bí ara nínú.

Èkejì, ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè dí kòtò orí àwọn eyín ńlá yẹn. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé ni oúnjẹ ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni ọṣẹ ìfọyín. Ọmọ ọdún 8 kò gbọ́dọ̀ máa lo ọṣẹ àwọn ọmọ ìkókó mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn túùbù, kí iye flúóráìdì inú rẹ̀ wà láàárín 1350 sí 1500 ppm. Kó fọ̀ ọ́ kó tó sùn àti ìgbà kan sí i. Tó bá tutọ́ dànù tán, kó má fi omi ṣan ẹnu rárá. Ìyẹn gan-an ni ẹ fi lè rí díẹ̀ lára iṣẹ́ tí gíláàsì yẹn fẹ́ ṣe.

Àdùnní_Yorkshire

Omi ńlá ló fi ń ṣan ẹnu lálaalẹ́! Èmi gan-an ni mò ń bu omi fún un. Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, màá pè wọ́n ní Mọ́ńdè.

Màmá_Títí

Ẹ jọ̀wọ́ o, èmi ò sí nílùú òyìnbó. Ìbàdàn ni mo wà. Ọmọ-ọmọ mi jẹ́ ọdún 4, eyín iwájú mẹ́rin ti jẹ, tó bá rí àga dókítà lásán ẹkún ni. Ṣé nǹkan kan wà tí kò ní gba ẹ̀rọ tó ń hó yẹn?

Dókítà_Ìdíkàn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ó wà. Ọ̀nà méjì ni.

Ọ̀kan ni pé kí wọ́n fi irin ọwọ́ kékeré ha ibi tó rọ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì eyín dí i, láìlo ẹ̀rọ. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní àwọn ọdún 1980, torí àwọn ibi tí iná ò dé. Kódà tí wọ́n bá mú iná lọ, iṣẹ́ ò dúró. Sìmẹ́ńtì yẹn fúnra rẹ̀ ń tú flúóráìdì díẹ̀ jáde.

Èkejì ni oògùn olómi tó ní fàdákà àti flúóráìdì nínú, tí wọ́n ń kán sí ojú ihò náà. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí abẹ́rẹ́. Ó máa ń dá jíjẹ náà dúró nínú ọ̀pọ̀ eyín ọmọdé. Ní 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òun àti sìmẹ́ńtì yẹn sínú àkójọ oògùn tó ṣe kókó. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka eyín ilé ìwòsàn UCH bóyá ó wà lọ́wọ́ wọn.

Àmọ́ ibi tó ti jẹ yẹn máa dúdú kirikiri.

Màmá_Títí

Dúdú? Lójú eyín iwájú? Ṣé kò ní lọ mọ́ ni?

Dókítà_Ìdíkàn

Kò ní lọ, Màmá, àfi tí wọ́n bá fi nǹkan funfun bò ó tàbí kó di ọjọ́ tí eyín ọmọ wẹ́wẹ́ náà bá ká, nǹkan bí ọdún 6 tàbí 7 fún ti iwájú. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ han ìyá ọmọ náà kí wọ́n tó kán an. Ẹlòmíràn á ní kó dúdú kó má dùn ún, ẹlòmíràn á ní rárá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí ẹ fẹ́.

Màmá_Títí

Ó dáa. Màá pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí, òun ló ni ọmọ rẹ̀.